Ẹṣin tí Ń Jẹ́ Mànàmáná

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Ayétẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé kìíní àti ìwé kejì tán, nísinsìnyí tí ẹ ti lè ka gbólóhùn gígùn láìfi ìka tọ ọ̀rọ̀, a fẹ́ kí ẹ ka ìtàn ẹṣin kan. Kì í ṣe àlọ́ o. Ó ṣẹlẹ̀ láàrin ọdún 1926 sí ọdún 1932, ní ilẹ̀ tí ó jìnnà sí wa púpọ̀. Ẹ máa kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Níbi tí ẹ bá ti rí iye owó tàbí òṣùwọ̀n, ẹ mú pẹ́ńsùlù kí ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín gbọ́n nínú ìṣirò ọjà ju àwa olùkọ́ lọ.

Àwa Yorùbá mọ ẹṣin. Ṣebí àwa náà la ń wí pé òwe lẹṣin ọ̀rọ̀? Ogun ẹlẹ́ṣin wà lára ohun tí Ọ̀yọ́ Ilé fi jẹ gàba lórí ilẹ̀ púpọ̀ nígbà àtijọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn ará òkè, ní ilẹ̀ Haúsá àti ilẹ̀ Tápà, ni wọ́n ti ń ra àwọn ẹṣin náà. (Tápà ti òkè ọ̀hún ni a ń wí, kì í ṣe Tápà ìtòsí wa yìí.) Kí ló dé tí wọn kò sin wọ́n nílé? Eṣinṣin kan wà nínú igbó wa tí ń mu ẹ̀jẹ̀, tsetse ni wọ́n ń pè é. Bí ó bá jẹ ẹṣin, àìsàn a wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin náà, a máa rù, a máa rẹ̀ ẹ́, títí yóò fi kú. Ìdí nìyí tí ẹṣin fi ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ igbó, tí ó fi di ti ọba àti ìjòyè. Ẹni tí ó bá ti lọ wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde lẹ́yìn Iléyá á ti rí i bí àwọn ìdílé Balógun ti ń gun ẹṣin tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́.

Eré ìje ẹṣin náà ti wà nílẹ̀ wa. Nígbà ìjọba òyìnbó, wọn a máa sá a ní Èkó, ní pápá tí wọ́n ń pè ní Race Course. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fa àsíá Nàìjíríà sókè nígbà tí a gba òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ibẹ̀ di Pápá Tafawa Balewa. Eré ẹṣin ti kúrò níbẹ̀. Ère ẹṣin funfun tí ó wà lókè ẹnu ọ̀nà ni ẹ ó rí.

Irú ẹṣin tí wọ́n fi ń sá eré ìje káàkiri ayé ni Thoroughbred. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn. Wọ́n mú akọ ẹṣin wá láti apá ilẹ̀ Lárúbáwá àti ilẹ̀ Tọ́kì, wọ́n mú wọn gun abo ẹṣin ilẹ̀ wọn. Ní ọ̀nà ti baba, akọ mẹ́ta péré ni gbogbo Thoroughbred ayé ti ṣẹ̀ wá. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Wọ́n ń kọ orúkọ baba àti ìyá ẹṣin kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, láti ìran dé ìran, bí a ti ń ki oríkì ìdílé. Tiwa wà lẹ́nu àgbà, tiwọn wà nínú ìwé. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí ìwé kíkà ni ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 1926, ní abúlé Seadown lẹ́bàá ìlú Timaru, ní erékùṣù New Zealand, abo ẹṣin kan tí ń jẹ́ Entreaty bí akọ pupa kan. Night Raid ni orúkọ baba rẹ̀, òun náà kò sì gbayì ní pápá eré. Nígbà tí ọmọ ẹṣin náà dàgbà tó títà, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé gbàǹjo. Ìwé yìí ni ó bọ́ sọ́wọ́ Harry Telford, ọkùnrin kan tí ń kọ́ ẹṣin ní eré ní ìlú Sydney, ní ilẹ̀ Australia. Tálákà ni Telford. Kò rí ẹṣin náà rí. Ó kàn ka orúkọ àwọn baba ńlá rẹ̀ nínú ìwé ni, ó sì sọ pé ẹ̀jẹ̀ rere wà nínú eléyìí. Ó bẹ oníṣòwò ará Amẹ́ríkà kan, David Davis, pé kí ó wá owó rà á. Àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n a máa wúlò nílẹ̀ òkèèrè: ọmọ ìyá Telford kan wà ní New Zealand, òun ni ó ná an ní gbàǹjo ní oṣù kìíní ọdún 1928. Gíní 160 ni wọ́n rà á. Gíní kan jẹ́ ṣílè 21, ogún ṣílè ni ó sì ń jẹ́ pọ́n-ùn kan. Ẹ ṣírò rẹ̀. Bí ẹ bá rí 168 pọ́n-ùn, ẹ gbà á.

Nígbà tí ọkọ̀ òkun gbé ẹṣin dé Sydney, inú bí Davis. Ẹṣin náà rù, ó rí jágajàga, kókó kéékèèké sú u lójú. Davis ní òun kò ní ná kọ́bọ̀ kan sí i lórí nǹkan báyìí. Telford wá bá a ṣe àdéhùn: òun yóò máa bọ́ ẹṣin náà, òun yóò máa kọ́ ọ, fún ọdún mẹ́ta. Bí owó bá wọlé, Telford yóò mú ìdá méjì nínú mẹ́ta, Davis yóò mú ìdá kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá oko ìdámẹ́ta, irú àdéhùn yìí kò ṣàjèjì sí yín.

Wọ́n tẹ ẹṣin náà lọ́dàá kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan ní Sydney tí ó jẹ́ ọmọ Ṣáínà ni ó mú orúkọ wá fún un, láti inú èdè apá ìhà ìlà-oòrùn ọ̀hún: Phar Lap, èyí tí í ṣe mànàmáná. Telford a máa sá a gun òkè iyanrìn lójoojúmọ́ títí iṣan rẹ̀ fi le. Síbẹ̀, nígbà tí ó kọ́kọ́ sá eré ní ọdún 1929, òun ni ó kẹ́yìn pátápátá. Ìgbà kejì, ìgbà kẹta, ìgbà kẹrin, kò sí ipò fún un. Ẹ rò ó wò, ẹni tí ó ń jẹ gbèsè tí ó sì ń ra oúnjẹ fún irú ẹṣin bẹ́ẹ̀! Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1929, nígbà tí ó sá ti ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó borí.

Láti ìgbà náà lọ, ọwọ́ kò tún ká a mọ́. Ó dàgbà di ẹṣin gogoro, gíga èjìká rẹ̀ lé ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àbọ̀. Nínú eré 51 tí ó sá láyé rẹ̀, ó borí nínú 37. Owó tí ó pa lé ní 66,000 pọ́n-ùn. Ẹ padà lọ wo iye tí wọ́n rà á.

Ìgbà líle ni ìgbà náà. Láti ìparí ọdún 1929 ni òwò gbogbo ayé ti dẹnu kọlẹ̀. Nílẹ̀ wa níhìn-ín, owó kòkó já wálẹ̀. Ní Australia, ọ̀pọ̀lọpọ̀ kò níṣẹ́, wọ́n ń tò gba oúnjẹ. Àwọn ènìyàn yìí sọ ẹṣin náà di tiwọn. Ẹni tí kò lówó bàtà a wá dúró lẹ́bàá pápá kí ó ṣáà lè rí i. Ṣé nítorí pé òun náà ti rù rí, tí ẹnìkan kò sì fẹ́ ẹ? Àwa rò bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n tẹ́tẹ́ wà nídìí eré ẹṣin, níbi tí tẹ́tẹ́ bá sì wà, ìkà kì í jìnnà. Eré ńlá ilẹ̀ Australia ni Melbourne Cup, máìlì méjì gbáko ni nígbà náà. Ní ọdún 1930, àwọn tí ń gba owó tẹ́tẹ́ mọ̀ pé bí Phar Lap bá borí, àwọn yóò san owó gọbọi. Ní òwúrọ̀ Sátidé, ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, Tommy Woodcock, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tọ́jú ẹṣin náà, ń mú un bọ̀ láti ibi tí ó ti ná ẹsẹ̀. Mọ́tò kan yọ, ìbọn sì dún láti inú rẹ̀. Woodcock fi ara rẹ̀ àti ẹṣin kékeré tí ó gùn dí i. Ọta náà kò ba ẹnikẹ́ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an Phar Lap sá eré, ó borí! Wọ́n gbé e lọ fi pamọ́ sí ibòmíràn títí di ọjọ́ Túsìdeè. Nígbà tí Jim Pike gùn ún wọ pápá ní ọjọ́ kẹrin oṣù náà, máìlì méjì kò gbà á ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó fi ìdùbúlẹ̀ ẹṣin mẹ́ta ju èyí tí ó tẹ̀lé e lọ. Ó tún borí ní Tọ́sìdeè, ó tún borí ní Sátidé. Eré mẹ́rin ní ọjọ́ mẹ́jọ.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹrù. Nínú irú eré yìí, ẹṣin tí ó bá lágbára jù ni wọ́n ń di ẹrù lé lẹ́yìn jù. Wọn a ki òjé sí abẹ́ gàárì rẹ̀, kí àwọn aláìlágbára lè bá a dọ́gba. Ní ọdún 1930, agẹṣin àti gàárì àti òjé tí Phar Lap rù jẹ́ 138 pọ́n-ùn lórí òṣùwọ̀n, nǹkan bíi kílò 62 àbọ̀. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ kílò 50. Ó rù ú, ó borí. Ní ọdún 1931 wọ́n sọ ọ́ di 150 pọ́n-ùn, èyí tí í ṣe kílò 68. Àpò sìmẹ́ńtì kan nìyẹn, àti ju ìdámẹ́ta òmíràn lọ. Ipò kẹjọ ni ó ṣe. Ẹṣin tí ó borí, ẹrù tirẹ̀ kéré jọjọ. Àwọn kan ní òfin eré ni, kò sí ìrẹ́jẹ níbẹ̀. Ní tiwa o, bí a bá ti fi ẹrù dá ẹnìkan dúró, a kò gbọdọ̀ sọ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò lè rìn.

Àdéhùn ọdún mẹ́ta ti parí nígbà náà, Telford sì ti san 4,000 pọ́n-ùn láti ni ìdajì ẹṣin náà. Davis wá ní kí wọ́n mú un lọ sí Amẹ́ríkà, níbi tí owó pọ̀ sí. Telford kò fẹ́, kò sì bá wọn lọ. Woodcock ni ó bá a wọ ọkọ̀ òkun. Pátákò ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sán kí ọjọ́ eré tó pé, síbẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 1932, ní pápá Agua Caliente ní ilẹ̀ Mexico, ó fi àwọn ẹṣin Amẹ́ríkà sẹ́yìn. Kò sí ẹṣin tí ó ti yára tó bẹ́ẹ̀ rí ní pápá náà.

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún péré lẹ́yìn náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin, Woodcock bá a nínú ìrora ńlá ní oko kan ní Menlo Park, ní California. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti kú. Ọmọ ọdún márùn-ún àbọ̀ ni.

Ariwo ta. Àwọn ará Australia ní àwọn ọlọ́tẹ́tẹ́ Amẹ́ríkà ni ó fún un ní májèlé jẹ. Àwọn dókítà ẹran kan ní àìsàn ìfun ni. Ọ̀rọ̀ náà wà bẹ́ẹ̀ fún ohun tí ó lé ní àádọ́rin ọdún. Nígbà tí ó di ọdún 2008, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n fi ìtànṣán alágbára yẹ irun gọ̀gọ̀ rẹ̀ wò jábọ̀ pé arsenic púpọ̀ wọ ara rẹ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n wákàtí sí ogójì wákàtí kí ó tó kú. Arsenic ni wọ́n fi ń pa eku láyé àtijọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná: láyé ìgbà náà, àwọn tí ń kọ́ ẹṣin a máa fi arsenic díẹ̀ sínú àgbo agbára tí wọ́n ń fún ẹṣin mu. Ìwé kékeré tí Telford fúnra rẹ̀ kọ àwọn àgbo rẹ̀ sí wà síbẹ̀, arsenic sì wà nínú wọn. Nítorí náà, ó lè jẹ́ ọ̀tá, ó sì lè jẹ́ ọwọ́ ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀ tí ó ṣì wọ̀n ọ́n. Àwọn mìíràn ṣì di ọ̀rọ̀ àìsàn ìfun mú.

Nígbà tí wọ́n la òkú rẹ̀, wọ́n rí i pé ọkàn rẹ̀ wọn kílò 6 àti díẹ̀. Ti ẹṣin mìíràn sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi kílò 4. Ìlú mẹ́ta ni wọ́n pín in sí: awọ rẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Melbourne, egungun rẹ̀ wà ní Wellington ní New Zealand níbi tí wọ́n ti bí i, ọkàn rẹ̀ wà ní Canberra.

Ìbéèrè. Kí ni Telford rí nínú ìwé tí Davis kò rí lára ẹṣin? Bí owó ẹṣin bá jẹ́ 900 pọ́n-ùn, èló ni ti Telford, èló ni ti Davis? Ṣé ó tọ́ kí a di ẹrù lé alágbára kí àwọn yòókù lè bá a dọ́gba? Ta ni ẹ rò pé ó pa Mànàmáná? Ẹ kọ gbólóhùn márùn-ún lórí èyí tí ó kẹ́yìn yìí, kí ẹ mú un wá sí kíláàsì.