Ìwé Tí A Fi Ańkárá Bò

Bí a bá gbé àwòrán ènìyàn tàbí ère onígi síwájú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, kò sí ẹnì kan nínú wa, ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, tí kò ní mọ ohun tí yóò wí. Àwòrán jọ ẹni tí a yà. Ère ní ojú, ó sì ní ọwọ́. Ṣùgbọ́n kí ni kí á wí fún wọn bí oníṣẹ́ ọnà kò bá ya ohunkóhun, tí kò sì gbẹ́ ohunkóhun, bí kò ṣe pé ó kó ìwé jọ, ó fi aṣọ bò wọ́n, ó tò wọ́n sórí pẹpẹ, ó sì ní kí gbogbo ayé wá wò ó? Irú iṣẹ́ ọnà títò bẹ́ẹ̀ pọ̀ lóde òní ní àwọn ilé ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà, àwọn kan láàárín wa kò sì fi pamọ́ pé ẹ̀tàn lásán ni àwọn kà á sí. A fẹ́ fi àpẹẹrẹ kan gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò.

Ní London ni a bí Yinka Shonibare ní 1962. Ní Èkó ni ó gbé dàgbà, ó sì padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ kọ́ iṣẹ́ ọnà. Ní 2014 ó pàtẹ iṣẹ́ kan ní ìlú Brighton, ó pè é ní The British Library. Ìwé 6,328 ni a fi ańkárá bò. Sí ẹ̀yìn púpọ̀ nínú wọn ni a fi àwọ̀ wúrà tẹ orúkọ àwọn tí àwọn tìkára wọn, tàbí àwọn òbí wọn, ti òkèèrè wá di ará ilẹ̀ náà. Orúkọ àwọn kan tí wọn kò fẹ́ kí àlejò wọlé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yìn àwọn ìwé mìíràn ṣófo. Ilé ìpàtẹ Tate ní London ti gbà á sínú ìṣúra rẹ̀.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ ańkárá? Níbí ni ẹ̀kọ́ gan-an wà. Bi ọmọdé léèrè pé ti ta ni ańkárá, yóò ní tiwa ni, nítorí òun ni ìyá rẹ̀ fi ṣe aṣọ ẹbí. Ṣùgbọ́n ní erékùṣù Jáfà, tí í ṣe apá kan Indonésíà lónìí, ni wọ́n ti ń fi ìda yíyọ́ ya ọnà sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, kí aró má baà mú ibi tí ìda bá wà. Àwọn ará Họ́láǹdì, tí wọ́n ń jọba lé Jáfà lórí nígbà náà, fi ẹ̀rọ ṣe àfarawé rẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kí wọ́n lè tà á fún àwọn tí wọ́n kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn! Etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ọjà rẹ̀ wá yá sí jù. Àwọn ará Manchester pẹ̀lú tẹ̀ ẹ́. Àwọn obìnrin oníṣòwò, pàápàá ní Lomé, ń yan èyí tí ó wù wọ́n, wọ́n sì ń sọ ọnà kọ̀ọ̀kan lórúkọ, títí aṣọ àlejò fi di ti onílé. Ǹjẹ́ ẹ kò rí i bí aṣọ náà ti bá àwọn orúkọ tí ó wà lára ìwé mu?

Nígbà tí Shonibare wà ní ilé ẹ̀kọ́, olùkọ́ rẹ̀ kan bi í léèrè èéṣe tí kò fi ṣe iṣẹ́ tí yóò jẹ́ ti Áfíríkà ní tòótọ́. Ó lọ sí ọjà Brixton ní London, ó rí aṣọ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ti Áfíríkà, ó sì gbọ́ ibi tí ó ti wá. Ó yẹ kí àwa tí a ó di olùkọ́ ro ìbéèrè olùkọ́ náà dáadáa kí á tó bi ọmọ ẹlòmíràn ní irú rẹ̀.

Àwọn ẹlòmíràn ní ẹ̀sùn mìíràn: pé kì í ṣe ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi bo gbogbo ìwé wọ̀nyẹn. Àìsàn ti sọ apá kan ara rẹ̀ di aláìlágbára láti ìgbà èwe, ó sì ní àwọn olùrànlọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì ńkọ́, ẹni tí a fi ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ fún ààfin Ìkẹ́rẹ́ hàn ní Wembley ní 1924? Òun náà ní ọmọ iṣẹ́, a kò sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí èyí.

A kò wí pé gbogbo òkìtì tí a bá kó sínú yàrá ni iṣẹ́ ọnà. Ọ̀nà tí àwa fi ń dán an wò nìyí: fi ohun mìíràn rọ́pò ohun tí ó lò, kí o sì wò ó bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò ṣì wà. Bí a bá fi aṣọ funfun lásán bo ìwé 6,328 wọ̀nyẹn, ilé ìkàwé tí ó mọ́ tónítóní ni a ó rí, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Olùkọ́ tí kò lè kó ọmọ lọ sí London lè kó aṣọ mẹ́ta wá sí kíláàsì: aṣọ òkè Ìṣẹ́yìn, adìrẹ Abẹ́òkúta, àti ańkárá. Kí ó bi wọ́n pé èwo ni tiwa, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n jà á fúnra wọn. Nígbà tí wọ́n bá ti fi ẹnu kò lórí adìrẹ, kí ó wá sọ fún wọn pé ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, láti Manchester ni púpọ̀ nínú aṣọ funfun tí àwọn aláró Abẹ́òkúta ń rẹ sínú aró ti wá.