Ẹ Jẹ́ Kí Ẹfinrin Tanná

Ìbéèrè

Ẹ̀yìnkùlé mi ní Ìbídò, ní Ṣàgámù níbí, kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi. Ẹfinrin, ewúro àti igi ọsàn wẹ́wẹ́ kan ló wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ mi fẹ́ràn labalábá, ṣùgbọ́n ẹyọ kan kì í bà síbẹ̀. Kòkòrò ajewé nìkan ló ń wá, mo sì máa ń fín oògùn sí wọn. Kí ni kí n tún gbìn?
Ìyá Àgbà, Ìbídò

Ìdáhùn

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ohun tí ẹ ń wá gan-an ni ẹ ń fi oògùn pa. Kòkòrò tó ń jẹ ewé ọsàn yín, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ọmọ labalábá ńlá dúdú tó ní àmì ìyeyè lára. Ní kékeré rẹ̀, ẹ ó rò pé ìgbẹ́ ẹyẹ ló já sórí ewé. Tó bá dàgbà, á di aláwọ̀ ewé. Ẹ fi igi kékeré tọ́ ọ wò: ìwo méjì pípọ́n á yọ lórí rẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì gbọ̀nà imú. Ó fi ń dẹ́rù ba ọ̀tá ni, kì í ta èèyàn. Igi ọsàn tó ti lágbára kò ní kú nítorí ewé díẹ̀.

Oúnjẹ méjì ni labalábá ń wá: ewé fún ọmọ, omi dídùn inú òdòdó fún àgbà. Nítorí náà, bí ẹ ti ń já orí ẹfinrin fún ọbẹ̀, ẹ fi ìdí kan tàbí méjì sílẹ̀ kó tanná. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ewúro náà; oyin á bò ó lọ́jọ́ tó bá yọ òdòdó funfun.

Tí ààyè bá wà, ẹ gbin bòmubòmu, ewé tí àwọn Fúlàní fi ń ṣe wàrà. Labalábá pupa rúsúrúsú kan ń yé sí i, oró inú ewé náà ni kì í jẹ́ kí ẹyẹ fẹ́ jẹ ẹ́. Àmọ́ oje rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ojú ọmọdé o.

Àwọn labalábá inú igbó kan kì í wo òdòdó rárá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà ni tiwọn. Ẹ kó o sínú àwo fífọ́ lábẹ́ ìbòòji.

Ẹ má gbàgbé àfòpiná. Òun ló ń mu omi òdòdó ìbẹ́pẹ lóru, iná sì máa ń ṣì í lọ́nà, nítorí náà ẹ pa iná ìta tí ẹ bá fẹ́ sùn. Ilé tí ọmọ irú àfòpiná kan ń hun fún ara rẹ̀ ni àwọn baba wa fi ran òwú sányán, baba aṣọ.

Ní ti oògùn, ní ọdún 2019 ni NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré oògùn kòkòrò Sniper lórí àtẹ, nítorí jàǹbá tó ń fà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fín in síbi tí ọmọ ti ń ṣeré, ẹ má sì fín in sí ewé tí ẹ ó jẹ. Bí ewé bá lu, ẹ jẹ́ kó lu.