Ohun Tí Ó Wà Nínú Páálí Kọ́nfíléèkì

Ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí oúnjẹ òwúrọ̀ kan tí kì í ṣe àjèjì sí wa mọ́. Kọ́nfíléèkì wà ní ọjà ìlú ńlá, ó sì wà ní ìsọ̀ abúlé pẹ̀lú. Wọ́n ń tà á ní páálí, wọ́n sì ń tà á nínú ọ̀rá kékeré. Àwọn ìyá mìíràn a máa fi owó ẹ̀wà àti owó ẹyin rà á, nítorí wọ́n rí orúkọ fítámì púpọ̀ ní ara páálí rẹ̀, wọ́n sì gbà pé ohun gbogbo tí ara ọmọ ń fẹ́ ni ó wà níbẹ̀. Ó yẹ kí á yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa, nítorí bí a bá ṣì í ṣe, ara ọmọ ni yóò jìyà rẹ̀.

Àgbàdo ni òun náà

Àgbàdo ni a fi ń ṣe kọ́nfíléèkì, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi í ṣe ògì. Ní ìlú Battle Creek, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, ni W. K. Kellogg ti dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1906 láti máa ṣe é tà. Ní ilé iṣẹ́, wọ́n máa ń bó èèpo àgbàdo kúrò, wọn a sì yọ ojú tí èhù ti ń jáde, kí epo inú rẹ̀ má baà mú kí oúnjẹ náà bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, wọn a sè é pẹ̀lú ṣúgà àti iyọ̀, wọn a fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọn a sì yan án títí yóò fi gbẹ.

Nínú èèpo àti ojú tí wọ́n yọ náà ni púpọ̀ nínú fítámì àti èròjà irin àgbàdo wà. Irú àdánù kan náà ni àwa ń ṣe nígbà tí a bá sẹ́ ògì, tí a kó eèrí rẹ̀ fún ẹran, tí a sì da omi orí rẹ̀ nù.

Ìdí tí a fi ń dá èròjà padà

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àìsàn kan tí a ń pè ní pellagra pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní apá gúúsù Amẹ́ríkà. Awọ ara wọn a máa bó, inú wọn a máa ṣu, iyè wọn a sì máa rú. Àwọn tálákà tí oúnjẹ àgbàdo jẹ́ olórí oúnjẹ wọn ni ó ń bá jà jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àìsàn tí ń ràn ni. Ní ọdún 1914, ìjọba rán Dókítà Joseph Goldberger láti wádìí rẹ̀. Ó fi hàn pé oúnjẹ ni ó fà á: nígbà tí a fún àwọn aláìsàn ní wàrà, ẹran àti ẹyin, ara wọn le. Ní ọdún 1937, Conrad Elvehjem rí èròjà náà gan-an. Níásìnì ni orúkọ rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn fítámì B. Ó wà nínú àgbàdo, ṣùgbọ́n ó so mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí ara kò fi lè rí i gbà dáadáa.

Irú ẹ̀kọ́ báyìí ni ó mú kí ìjọba àti àwọn ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi èròjà aṣaralóore kún ìyẹ̀fun àti oúnjẹ ọkà. Ní Nàìjíríà pẹ̀lú, a ti ń fi áyódìn sí iyọ̀ láti ọdún 1993, òfin sì ti pàṣẹ láti ọdún 2002 pé kí á máa fi fítámì A sí ìyẹ̀fun, ṣúgà àti òróró.

Ní ti kọ́nfíléèkì, àwọn fítámì tí iná lè bàjẹ́ ni wọ́n ń fọ́n sí i lára lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yan án tán. Lẹ́búlú irin gidi ni a sì ń fi sí òmíràn. Ẹ lè dán an wò. Ẹ gún ẹ̀kúnwọ́ kọ́nfíléèkì kúná, ẹ pò ó mọ́ omi púpọ̀ nínú abọ́ funfun, ẹ fi ọ̀rá wé òòfà tí ó lágbára, kí ẹ sì máa fi rò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí irú irin bẹ́ẹ̀ bá wà níbẹ̀, eruku dúdú wẹ́wẹ́ yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Omi kíkan inú ikùn ni ó ń yọ́ irin yìí kí ara tó lè lò ó láti fi ṣe ẹ̀jẹ̀.

Ohun tí páálí kò fi kún un

Fítámì àti irin ni wọ́n ń fi kún un. Wọn kì í sábà fi purotéènì, èyí tí ń mú ara dàgbà, kún un. Nínú gíráàmù 100 kọ́nfíléèkì, nǹkan bí gíráàmù 84 ni oúnjẹ afúnnilágbára, purotéènì kò sì ju bíi gíráàmù 7 lọ. Gíráàmù 100 ẹ̀wà gbígbẹ ní tó gíráàmù 23. Ti ẹ̀pà tó gíráàmù 25. Abọ́ kan tí ó jẹ́ gíráàmù 30 kọ́nfíléèkì kò fún ọmọ ju purotéènì gíráàmù 2 lọ, nígbà tí ẹyin kan ṣoṣo ń fún un ní bíi gíráàmù 6.

Ẹ rántí pé ní ọdún 1933, Dókítà Cicely Williams kọ̀wé láti Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana lónìí, nípa àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn wú tí irun wọn sì pupa. Oúnjẹ àgbàdo ni a fi ń bọ́ wọn, ó sì fura sí àìtó purotéènì. Kwashiorkor ni orúkọ àìsàn náà. Ẹni tí ó bá ń fi omi àti ṣúgà lásán po kọ́nfíléèkì fún ọmọ ní ojoojúmọ́ kò jìnnà sí ewu yẹn, bí fítámì ara páálí tilẹ̀ pọ̀.

Bí a ó ti ṣe é

Kí á tó rà á, kí á wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Kí á wo iye ṣúgà nínú gíráàmù 100: nínú irú èyí tí a fi ṣúgà bò, ó máa ń ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Kí á fi wàrà po ó, kí á sì fi ẹyin tàbí àkàrà tì í. Ọsàn ń ran ara lọ́wọ́ láti gba irin. Tíì ń dènà rẹ̀, nítorí náà kí á má mu wọ́n pọ̀.

Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká páálí kò pàdánù. Ògì àgbàdo pupa tí a lọ ẹ̀wà sóyà mọ́, tàbí ògì àti àkàrà gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe é, yóò fún ọmọ ní purotéènì tí kò sí nínú páálí. Kí á sì fi ẹ̀fọ́ àti èso kún oúnjẹ rẹ̀ ní ọ̀sán àti alẹ́. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú ìyá rẹ̀ nìkan ni kí ó máa mu.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ ìkàwé

1. Kí ni a ń sọnù nígbà tí a bá ń sẹ́ ògì?
2. Kí ni ó wo àwọn aláìsàn pellagra sàn?
3. Bí owó tí ó wà lọ́wọ́ yín kò bá ju ti ohun kan lọ, páálí kọ́nfíléèkì tàbí ẹ̀wà àti ẹyin, èwo ni ẹ ó rà fún ọmọ yín, kí sì ni ìdí rẹ̀?