Ìkànnì Abánidọ́rẹ̀ẹ́ àti Àwọn Ọ̀dọ́

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo bá ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lábẹ́ igi máńgòrò tí ó wà lẹ́yìn kíláàsì wa. Ó tẹjú mọ́ fóònù bí ẹni tí ó ń wá owó tí ó bọ́ sínú yanrìn. Nígbà tí mo bi í léèrè ohun tí ó ṣe é, ó ní láti àárọ̀ ni òun ti fi àwòrán òun sórí Facebook, ṣùgbọ́n ènìyàn méje péré ni ó fi àmì hàn pé ó wu àwọn. Ti ọ̀rẹ́ òun sì ti pé igba. Ọmọ náà kò jẹun ọ̀sán. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ojú rẹ̀, n kò lè rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a wádìí ohun tí ó fún àmì kékeré bẹ́ẹ̀ ní agbára láti gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ ènìyàn.

Ní ọdún 2004 ni Mark Zuckerberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Facebook sílẹ̀ ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà. Ní 2009 ni wọ́n fi àmì àtàǹpàkò yìí kún un. A kì í san kọ́bọ̀ kí a tó wọ ibẹ̀. Kí ni àwọn tí ó ni ín wá ń jẹ? Owó ìpolówó ọjà ni. Bí ojú wa bá ṣe ń pẹ́ lórí ìkànnì náà tó ni ìpolówó tí a ń rí ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, ojú wa gan-an ni wọ́n ń tà. Ìdí nìyí tí wọn kò fi jẹ́ kí ó lópin: bí o ti ń fi ìka fà á sókè ni òmíràn ń yọjú. Aza Raskin, tí ó ṣe irú ètò yìí ní 2006, ti sọ ní gbangba pé òun kábàámọ̀ rẹ̀. Ní 2017, Sean Parker, ààrẹ àkọ́kọ́ fún ilé-iṣẹ́ Facebook, jẹ́wọ́ pé ibi tí ọkàn ènìyàn ti rọ̀ ni àwọn mọ̀ọ́mọ̀ dọdẹ.

Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí ńkọ́? Ní alẹ́ àná, mo ní kí n kàn wo iṣẹ́ kan tí wọ́n rán sí mi lórí WhatsApp. Àkùkọ ti kọ kí n tó sùn.

N kò sọ pé kò ní àǹfààní o. Ìyá àgbà tí ó wà ní Ìbàdàn ń rí ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí sí London. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, orí àwọn ìkànnì wọ̀nyí ni àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà ti pe ara wọn jọ láti kọ ìwà ìkà àwọn ọlọ́pàá SARS. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wá owó, oúnjẹ àti agbẹjọ́rò fún ara wọn.

Síbẹ̀, Facebook fúnra rẹ̀ ní ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 13 kò gbọdọ̀ wọlé, ilẹ̀ Ọsirélíà sì sọ ọ́ di ọdún 16 láti oṣù Kejìlá ọdún 2025.

Ohun tí mo sọ fún ọmọ náà nípa àwọn tí ń fi ojú wa ṣòwò nìyí. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo parí, ó na fóònù sí mi.

“Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀gá, ẹ bá mi fi tiyín sí i, kí ó lè di mẹ́jọ.”