Itan Bíbó Lásìkò Ooru: Bí Àwọn Tó Ń Wọ Síkẹ́ẹ̀tì Ṣe Lè Dènà Rẹ̀

Láti nǹkan bí oṣù Kejì títí wọ oṣù Karùn-ún ni ooru máa ń mú jù lọ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ nílẹ̀ wa, NiMet, kìlọ̀ fún àwọn ará ìlú nípa ooru tó pọ̀ lápọ̀jù, ó sì gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n máa mu omi dáadáa. Ṣùgbọ́n ìnira kan wà tí ooru máa ń dá sílẹ̀ fún àwọn obìnrin, tí wọn kì í fẹ́ sọ síta. Ìnira náà ni itan bíbó.

Itan bíbó ni kí awọ inú itan méjèèjì máa gbo ara wọn títí tí yóò fi pọ́n, tí yóò máa ta ènìyàn bí ẹni fi ata sí i, tí awọ òkè yóò sì ṣí kúrò. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé ẹ̀kọ́ mọ̀ ọ́n. Ìyá tó ń kiri ọjà mọ̀ ọ́n, òṣìṣẹ́ tó ń dúró de ọkọ̀ nínú oòrùn náà kò sì ṣàì mọ̀ ọ́n. Nítorí pé ibi kọ́lọ́fín ara ni, ìtìjú kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ fi han nọ́ọ̀sì tàbí dókítà. Wọ́n á ní kí àwọn ra ìpara kan lọ́jà kí àwọn fi pa á. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, nítorí pé ohun tó ń dènà itan bíbó kò wọ́n, kò sì le, nígbà tí ìpara líle tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lè sọ egbò ọjọ́ mẹ́ta di àìsàn olóṣù mélòó kan.

Kí ló ń fa itan bíbó?

Awọ ara ènìyàn ní ìpele-ìpele, èyí tó wà lókè pátápátá sì tín-ín-rín gan-an. Nígbà tí ìpele òkè yìí bá gbẹ, ó lè fara da ìgbora díẹ̀. Bí òógùn bá ti rin ín, yóò rọ̀, yóò sì máa lẹ̀ mọ́ awọ kejì dípò kí ó yọ̀ kọjá lára rẹ̀. Ẹni tó bá rin kìlómítà kan péré ti gbé ẹsẹ̀ ju 1,000 ìgbà lọ. Bí itan bá fara kan itan ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kọjá ara wọn, ẹ ó rí i pé kò yẹ kó yani lẹ́nu bí awọ náà bá bó kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bí ojú ọjọ́ ibi kọ̀ọ̀kan ṣe rí náà ń kó ipa tirẹ̀. Ní Èkó àti ní Port Harcourt, omi pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, nítorí náà òógùn kì í tètè gbẹ, awọ a sì máa rin fún wákàtí púpọ̀. Ní Sókótó àti ní Màídúgùrì lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, afẹ́fẹ́ gbẹ, òógùn a sì tètè gbẹ kúrò lára, ṣùgbọ́n iyọ̀ inú rẹ̀ ń kù sórí awọ, a sì máa ha á bí iyanrìn kíkúnná. Àwọn ará Lọ́kọ́jà, níbi tí odò Ọya àti odò Benue ti pàdé, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ooru fún wọn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni tó sanra nìkan ni itan rẹ̀ ń bó. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, bí itan bá ṣe tóbi tó ni yóò ṣe máa fara kan ara tó, ṣùgbọ́n ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ náà lè ní in bí ó bá rìn jìnnà, bí ó bá ń sáré fún eré ìdárayá, tàbí bí ó bá lóyún. Àwọn ọkùnrin tó ń wọ jàlàbíà pàápàá ń ní in. Nítorí náà, kò sí ohun tó yẹ kó ti ẹnikẹ́ni lójú nínú rẹ̀.

Aṣọ abẹ́ ni ààbò àkọ́kọ́

Àwọn ìyá wa máa ń wọ tòbí tàbí yẹ̀rì kí wọ́n tó ró ìró lé e. Títí di òní, yẹ̀rì ṣì wà lábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì ọ̀pọ̀ obìnrin. Ó dára fún ìbòra, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Aṣọ tó bá yí ìdí po lásán, ì báà jẹ́ ìró, yẹ̀rì tàbí síkẹ́ẹ̀tì, ìta itan ló ń bò, kì í wọ àárín itan méjèèjì. Ìdí nìyí tí itan ẹni tó wọ yẹ̀rì fi lè bó síbẹ̀. Bí yẹ̀rì náà bá sì jẹ́ náílọ́ọ̀nù, ó tún lè há ooru mọ́ abẹ́.

Aṣọ tó ń la itan sí méjì ni ṣòkòtò péńpé, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní táìtì. Bí ẹ bá fẹ́ wọ̀ ọ́ sábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣàkíyèsí nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí:

1. Kí ó gùn kọjá ibi tí itan méjèèjì ti ń fara kan ara. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, èyí túmọ̀ sí pé kí ó kù díẹ̀ kó kan orúnkún. Èyí tó bá kúrú jù yóò máa ká sókè, etí rẹ̀ yóò sì máa ha awọ.

2. Kí ó fara mọ́ ara láìfún jù. Bí ó bá fún jù, ìlà rẹ̀ yóò hàn lára. Bí ó bá tú jù, yóò máa kó jọ sáàárín itan.

3. Kí ojú rírán rẹ̀ má wà níbi tí itan ti ń gbo itan. Aránṣọ àdúgbò lè fi aṣọ òwú tó rọ̀ rán an, kí ó sì gbé ojú rírán náà sí iwájú tàbí sí ẹ̀yìn.

4. Kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Òwú rọ ara lọ́rùn, ó sì ń fa òógùn mu, ṣùgbọ́n bí ó bá ti rin gbindingbindin, kì í tètè gbẹ. Ẹni tí yóò wà níta láti àárọ̀ títí di alẹ́ yóò ṣe dáadáa bí ó bá mú òmíràn dání sínú báàgì.

Àwọn òbí tí ọmọ wọn ń wọ síkẹ́ẹ̀tì tàbí gáwùn lọ sílé ẹ̀kọ́ lè rán irú ṣòkòtò péńpé bẹ́ẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta fún un. Kí wọ́n sì bi ọmọ náà léèrè, nítorí pé ọmọdébìnrin lè máa jẹ̀rora fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìsọ fún ẹnikẹ́ni nílé.

Ohun tó ń mú awọ yọ̀

Ẹni tí kò bá fẹ́ wọ ṣòkòtò sábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì lè fi ohun tó ń yọ̀ sáàárín itan. Vaseline lásán, èyí tí kò ní òórùn dídùn, ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa. Òrí tó mọ́ náà ń ṣe é. Ẹ wẹ̀, ẹ nu itan gbẹ dáadáa, kí ẹ wá fi ìwọ̀nba díẹ̀ pa inú itan kí ẹ tó jáde. Bí ẹ bá ti ń rìn pẹ́, òógùn àti aṣọ yóò nù ún kúrò, nítorí náà ẹ tún un pa lọ́sàn-án. Ẹ rántí pé ọ̀rá lè tó aṣọ lábàwọ́n. Ẹ má sì fi rọ gbogbo kọ̀rọ̀ itan títí dé ojú ara, nítorí pé ibi tó máa ń rin nígbà gbogbo kò nílò ohun tí yóò tún dí òógùn mọ́ ọn.

Páúdà ńkọ́? Páúdà lè mú kí itan gbẹ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n bí òógùn bá ti pọ̀, yóò dì gúlúgúlú, yóò sì wá di ohun tó ń ha awọ. Ó tún yẹ kí a mọ̀ pé ní ọdún 2024, ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí nípa àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka táàkì, tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ páúdà, mọ́ àwọn ohun tó ṣeé ṣe kó máa fa àrùn jẹjẹrẹ. Nítorí náà, kò dára kí obìnrin máa da páúdà sí ojú ara tàbí sínú pátá. Vaseline àti ṣòkòtò péńpé sàn jù ú lọ.

Àwọn ìwà kéékèèké mìíràn tún wà tó ń ṣèrànwọ́. Ẹ fi omi ṣan ọṣẹ kúrò lára pátápátá nígbà tí ẹ bá ń wẹ̀, kí ẹ sì ṣan ọṣẹ ìfọṣọ kúrò nínú aṣọ abẹ́ dáadáa, nítorí pé ọṣẹ tó bá kù sínú aṣọ ń bá awọ jà. Ẹ má ṣe fá irun abẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ máa rìn púpọ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ rin ìrìn tó jìnnà ní àárọ̀ kùtùkùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́. Síkẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀, tí a fi aṣọ òwú bíi àdìrẹ rán, sì ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé ju èyí tó fún lọ.

Bí itan bá ti bó ńkọ́?

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ìgbora náà dúró. Bí ẹ bá ń ṣe é bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, tí ẹ ṣì ń rìn káàkiri nínú síkẹ́ẹ̀tì kan náà láìwọ nǹkan sábẹ́, kò sí ìpara tí yóò wò ó. Ẹ fi omi tútù tó mọ́ àti ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tó rọ̀ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, ẹ má ṣe fi gbo ó. Lẹ́yìn náà, ẹ fi Vaseline lásán pa á fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ẹ bá wà nílé, ẹ wọ ohun tó tú, kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Bí egbò náà kò bá jìn, yóò san láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Ẹ má ṣe fi iyọ̀, ọsàn wẹ́wẹ́, kẹrosíìnì, sípírítì tàbí omi apakòkòrò tí a kò là sí ojú egbò náà. Ìrora tí wọ́n ń fà kì í ṣe àmì pé wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ńṣe ni wọ́n ń jó awọ tó ti bó tẹ́lẹ̀.

Èyí tó léwu jù ni àwọn ìpara tí wọ́n pa oògùn mẹ́ta pọ̀ sínú wọn: èyí tó ń pa làpálàpá, èyí tó ń pa kòkòrò bakitéríà, àti sítẹ́rọ́ídì. Wọ́n ń tà wọ́n ní ìta gbangba, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń fi wọ́n pa ohunkóhun tó bá ti ń yún ara. Sítẹ́rọ́ídì máa ń mú kí pípọ́n àti yíyún rọlẹ̀ kíákíá, ẹni tó pa á a sì rò pé ara òun ti yá. Ṣùgbọ́n ó ń dín agbára tí awọ fi ń bá kòkòrò jà kù. Bí ó bá jẹ́ pé làpálàpá ló wà níbẹ̀, yóò máa tàn kálẹ̀ lábẹ́lẹ̀, ìrísí rẹ̀ yóò sì yí padà débi pé yóò ṣòro fún dókítà láti dá a mọ̀. Awọ kọ̀rọ̀ itan tín-ín-rín ju ti ibòmíràn lọ, oògùn a sì máa tètè wọ inú rẹ̀. Bí a bá ń lo sítẹ́rọ́ídì níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, awọ náà lè di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ó sì fà ya sí ìlà-ìlà tí kì í parẹ́ mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìtan dúdú náà kò yàtọ̀. Lẹ́yìn tí itan bá ti bó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ibẹ̀ sábà máa ń dúdú. Bí ìgbora bá dáwọ́ dúró, dúdú náà yóò máa ṣí díẹ̀díẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ìpara ìbóra kì í ṣe ìwòsàn rẹ̀, ó sì lè ba awọ náà jẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé awọ náà dúdú, tó nípọn, tó sì rí bí àrán lọ́wọ́, tí irú rẹ̀ tún wà ní ẹ̀yìn ọrùn tàbí ní abíyá, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Èyí lè jẹ́ àmì pé àtọ̀gbẹ ń bọ̀ tàbí pé ó ti dé.

Ìgbà tó yẹ kí a lọ sí ilé ìwòsàn

Àwọn àgbà ní, àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ẹ tètè lọ rí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú àwọn àmì wọ̀nyí:

– bí ojú egbò náà bá wú, tó gbóná, tó ń yọ ọyún tàbí tó ń rùn;

– bí pípọ́n rẹ̀ bá ń ràn kálẹ̀, tàbí tí ibà bá bá a rìn;

– bí ó bá rí roboto, tí etí rẹ̀ ga ju àárín lọ, tó sì ń yún gan-an, nítorí pé ó lè jẹ́ làpálàpá;

– bí eéwo bá ń yọ léraléra ní abíyá tàbí ní kọ̀rọ̀ itan;

– bí kò bá san lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ ti ń tọ́jú rẹ̀.

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ dúró de ọ̀sẹ̀ kan rárá. Egbò kékeré lára irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè pẹ́ kó tó jinná, kòkòrò sì lè tètè wọ̀ ọ́. Kí ó fi han dókítà ní kété tó bá ti rí i pé awọ ti ṣí.

Nọ́ọ̀sì àti dókítà ti rí irú egbò yìí rí, kò sì jẹ́ tuntun lójú wọn. Kí ẹ sọ fún wọn pé, "Itan mi bó, ó sì ti tó ọjọ́ mẹ́rin," ti tó láti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Kí ẹ sì sọ orúkọ gbogbo ohun tí ẹ ti fi pa á, tàbí kí ẹ mú ike rẹ̀ dání, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n ń wò. Ní ti àwọn tí itan wọn kò tíì bó, ṣòkòtò péńpé kan lábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì àti Vaseline díẹ̀ kí wọ́n tó jáde lówùúrọ̀ lè gbà wọ́n lọ́wọ́ gbogbo ìnira yìí.