Yunifásítì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Ohun Tó Yẹ Kí Ìdílé Yorùbá Mọ̀ Kí Ọmọ Tó Pé Méjìdínlógún

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Beaurish Tigere nígbà tó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti Zambia lọ́dún 2001. Ibẹ̀ ló ti ka alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ka girama, ó sì yege nínú ìdánwò A-level. Ìgbà tó fẹ́ wọ yunifásítì ni wọ́n tó sọ fún un pé kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀yáwó tí ìjọba ń fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, torí pé ìwé ìgbélùú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ti pẹ́títí. Ó pe ìjọba lẹ́jọ́. Nígbà tó di oṣù Keje ọdún 2015, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ náà dá a láre.

Ẹjọ́ yẹn ló mú kí ìjọba tún òfin ẹ̀yáwó ṣe, òfin náà ló sì yẹ kí ìdílé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kọ́kọ́ mọ̀. Ní England, ẹ̀yáwó owó iléèwé àti ti owó ìjẹun wà fún ọmọ onílùú, àti fún ẹni tó ti gba ìwé ìgbélùú pẹ́títí, èyí tí àwọn èèyàn wa ń pè ní indefinite, bó bá ti gbé ilẹ̀ náà fún ọdún mẹ́ta gbáko kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò ní in ṣì lè rí ẹ̀yáwó gbà bí kò bá tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlógún tó sì ti lo ọdún méje níbẹ̀. Bó bá ti pé méjìdínlógún, ó gbọ́dọ̀ ti lo ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀ níbẹ̀, tàbí ogún ọdún. Ọdún mẹ́ta tó gbẹ̀yìn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó fi ìwé àṣẹ gbé. Scotland, Wales àti Northern Ireland ní òfin tiwọn.

Kí òbí jókòó ṣírò rẹ̀. Láàárín ọdún 2021 sí 2023, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan wá ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, àwọn kan wá kàwé, wọ́n sì kó ìdílé dání. Ọmọ tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá nígbà tó dé lọ́dún 2022 yóò pé méjìdínlógún lọ́dún 2028. Ọdún mẹ́fà péré ni yóò ti lò níbẹ̀: kò tó méje, kò sì tó ìdajì ọjọ́ orí rẹ̀. Bí ìwé ìgbélùú pẹ́títí kò bá tíì dé ọwọ́ rẹ̀, àfàìmọ̀ kí yunifásítì má kà á mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, bí Gẹ̀ẹ́sì ẹnu rẹ̀ tilẹ̀ ti di ti ọmọ Manchester. Owó tó pọ̀ jù tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ ọmọ ilé lọ́dún ẹ̀kọ́ 2025/26 ni £9,535. Ti ọmọ òkèèrè sábà máa ń ju £20,000 lọ, kò sì sí ẹ̀yáwó ìjọba tí yóò fi san án.

Nítorí náà, ìgbà tí ọmọ bá wà ní Year 9 tàbí Year 10 ni kí òbí ti gbé ìwé rẹ̀ lọ bá agbẹjọ́rò tó ní àṣẹ láti gbani nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú. Ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ inú WhatsApp kò tó gbẹ́kẹ̀ lé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ tí wọ́n bí sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ní ẹ̀tọ́ láti di ọmọ onílùú, kódà bí òbí rẹ̀ kò bá tíì ní ìwé kankan. Ọ̀pọ̀ òbí ni kò mọ̀. Ẹni tó ń wá ibi ìsádi, tí kò lè gba ẹ̀yáwó rárá, sì lè wá àwọn tí wọ́n ń pè ní University of Sanctuary: ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ìwé bá ti yanjú, ó ku ọ̀rọ̀ àyè. Láti ọdún 2018 ni àjọ Office for Students ti ń ṣàbójútó àwọn yunifásítì England. Yunifásítì tó bá fẹ́ gba owó iléèwé tó ga jù gbọ́dọ̀ kọ ètò sílẹ̀ fún àjọ náà, nípa bí yóò ṣe gba àwọn ọmọ tí irú wọn kì í pọ̀ níbẹ̀, àti bí yóò ṣe tì wọ́n lẹ́yìn títí wọn yóò fi gboyè. Ó tún gbọ́dọ̀ fi ètò náà síta kí gbogbo èèyàn lè kà á. Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ṣe é ni pé wọ́n ń wo ibi tí ọmọ ti ń bọ̀ kí wọ́n tó sọ máàkì tí wọ́n fẹ́. Yunifásítì tó ń béèrè AAB lè gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ABB, tàbí BBB pàápàá. Wọ́n á wo àdúgbò tó ń gbé, bí iléèwé rẹ̀ ṣe ń ṣe sí nínú ìdánwò, bóyá ìjọba ló tọ́ ọ dàgbà, bóyá òun ni yóò kọ́kọ́ dé yunifásítì nínú ilé wọn, àti bóyá ó ń jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́ ní girama nítorí owó tó ń wọlé fún òbí rẹ̀ kò pọ̀. Òbí tó gboyè ní Ìbàdàn tàbí ní Ifẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sọ pé òun kò dé yunifásítì rí. Òótọ́ ni kí wọ́n kọ sínú fóọ̀mù, àǹfààní tó tọ́ sí ọmọ náà ṣì pọ̀.

Oúnjẹ ọ̀fẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé wa ń fi sílẹ̀. Àwọn kan ń tijú. Àwọn mìíràn rò pé físà wọn, tó ní kí wọ́n má gba owó ìrànwọ́ ìjọba, kò gbà wọ́n láyè. Ó gbà wọ́n láyè: láti ọdún 2022 ni ìjọba ti ṣí i sílẹ̀ títí lọ fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ní England, bí owó tó ń wọlé fún wọn kò bá ju iye kan lọ. Ọ́fíìsì iléèwé ọmọ ni wọ́n ti ń béèrè. Bí òbí bá kọ̀ láti kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ nítorí ojú ayé, ọmọ náà lè jìyà rẹ̀ lọ́jọ́ tí yunifásítì bá ń yẹ fóọ̀mù rẹ̀ wò.

Àwọn ètò kan tún wà tó ń lọ bá ọmọ kí ó tó wọlé. Láti ọdún 2012 ni Target Oxbridge ti ń ran àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ láti wọ Oxford àti Cambridge. Ọdún 2018 ni olórin Stormzy, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Ghana, bẹ̀rẹ̀ sí í san owó iléèwé àti owó ìgbọ́bùkátà fún akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú méjì lọ́dọọdún ní Cambridge. Báńkì HSBC dara pọ̀ mọ́ ọn lọ́dún 2021, wọ́n sì fi ọgbọ̀n akẹ́kọ̀ọ́ kún un láàárín ọdún mẹ́ta. Oxford náà bẹ̀rẹ̀ ètò Astrophoria lọ́dún 2023, ọdún kan tí wọ́n fi ń múra sílẹ̀ de ẹ̀kọ́ gan-an, láìgba owó iléèwé. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ni fóọ̀mù Oxford àti Cambridge máa ń parí, nǹkan bí ọdún kan gbáko kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dúró de oṣù Kìíní bíi ti àwọn yunifásítì yòókù ti pẹ́.

Ṣùgbọ́n wíwọlé gan-an kọ́ ni ibi tó ti le jù fún àwọn ọmọ wa. Ní England, àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tó ti iléèwé ìjọba jáde ń wọ yunifásítì ju àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun ẹgbẹ́ wọn lọ. Ìgbà tí wọ́n bá ń pín oyè ni wọ́n ń rẹ̀yìn: àwọn tó ń gba First tàbí 2:1 nínú wọn kéré, kódà bí máàkì tí wọ́n gbé wọlé bá dọ́gba. Ìwé àbọ̀ tí Universities UK àti ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NUS gbé jáde lọ́dún 2019 sọ ọ́ ní gbangba pé ó di dandan kí àwọn yunifásítì tún ara wọn ṣe. Ojúṣe wọn ni, òótọ́ sì ni. Síbẹ̀, apá kan wà tó wà lọ́wọ́ ọmọ fúnra rẹ̀, ìwà tí a fi tọ́ ọ ló sì máa ń dí i lọ́wọ́ níbẹ̀.

Ọmọ Yorùbá tó ní ẹ̀kọ́ ilé kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà, kì í sì í yọ olùkọ́ lẹ́nu. Ní yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ fúnra rẹ̀ ló ń ní kí wọ́n pe òun lórúkọ, òun náà ló ń ya wákàtí sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ wá bi òun léèrè. Ọmọ tí kò bá yọjú, wọn ò ní sọ pé ó níwà. Wọ́n á rò pé kò nílò nǹkan kan ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan sì sábà máa ń ní personal tutor, olùkọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ bí nǹkan ṣe ń lọ fún un. Òun ni kí ọmọ kọ́kọ́ lọ bá bí bàbá bá kú nílé, bí iṣẹ́ alẹ́ bá ń dí ìwé lọ́wọ́, bí máàkì bá já wálẹ̀ lójijì. Ìdánwò tí wọ́n lè sún síwájú fún un tẹ́lẹ̀, kò dájú pé wọ́n á sún un mọ́ bó bá fẹnu pa mọ́ títí èsì fi jáde.

Bíbo àìlera mọ́lẹ̀ ló burú jù. Fóọ̀mù UCAS, èyí tí wọ́n fi ń béèrè àyè ní yunifásítì, ní ibi tí wọ́n ti ń béèrè bóyá àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ wà lára ọmọ, ọ̀pọ̀ òbí sì máa ń ní kó kọ “rárá”, kí wọ́n má baà dù ú láyè. Òfin Equality Act ti ọdún 2010 kò gbà kí wọ́n tìtorí rẹ̀ dù ú, ó sì pa á láṣẹ fún yunifásítì láti tún ètò ṣe fún ẹni tí àìlera bá ń dí lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ ọmọ ilé tàbí ọmọ òkèèrè. Ọmọ tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde lè gba àkókò kún àkókò nínú ìdánwò, yàrá tó móoru, àti ìyọ̀ǹda bí kò bá lè wá sí kíláàsì lọ́jọ́ tí ara bá ń ro ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti dyslexia, níbi tí ìwé kíkà ti ń ṣòro fún ọmọ tí òye rẹ̀ pé pérépéré. Ọmọ ilé tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀yáwó tún lè gba Disabled Students' Allowance. A kì í san án padà, wọn kì í sì í wo iye tí òbí ń gbà kí wọ́n tó fúnni.

Ti owó ń kọ́? Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan tó jẹ́ nǹkan bíi ₦460 fò kọjá ₦1,500 kí oṣù Kejì ọdún 2024 tó parí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ṣètò owó wọn sílẹ̀ ní náírà kò lè san ìyókù mọ́. Àwọn kan pàdánù àyè wọn, físà wọn sì bá a lọ. Ẹni tírú rẹ̀ bá dé bá kò gbọ́dọ̀ dúró de ìwé ìkìlọ̀ kẹta. Kó tètè lọ sí ọ́fíìsì owó, kó bẹ̀bẹ̀ láti máa san án díẹ̀díẹ̀, kó sì béèrè hardship fund, tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè náà bí wàhálà bá dé láìròtẹ́lẹ̀. Owó yìí kò sí lára owó ìjọba tí físà kà léèwọ̀. Iṣẹ́ tó ju ogún wákàtí lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí iléèwé ń lọ lọ́wọ́ ló léèwọ̀, ewu rẹ̀ sì pọ̀ ju gbèsè lọ.

Àwọn ọmọ wa kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbé ara wọn ró nílẹ̀ yẹn. Lọ́dún 1925, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní London, àti dókítà Herbert Bankole-Bright láti Sierra Leone, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ, wọ́n sì dá West African Students' Union sílẹ̀. Nígbà náà, onílé máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú lójú. Ṣólàńkẹ́ rìn ká Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti ọdún 1929 sí 1932, ó ń wá owó, nígbà tó sì di ọdún 1933, wọ́n ṣí ilé ìgbé tiwọn ní Camden. Lónìí, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Áfíríkà àti Caribbean, tí wọ́n ń pè ní ACS, wà ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló sì mọ ọ́fíìsì tó ń dáhùn àti èyí tí kì í dáhùn. Kí ọmọ tuntun wá wọn lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin Yorùbá tó ti pẹ́ ní London, Leeds àti Birmingham, tí ọmọ yín ti gba ọ̀nà yìí kọjá, ìdílé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wà nínú ìjọ yín tàbí ní mọ́sálásí yín. Ẹ bá wọn ka fóọ̀mù yẹn kí ọmọ wọn tó fi ránṣẹ́.