Ìwọ̀n Ooru Tí Oríkèé Sódà Lè Fara Dà

Nínú ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì, pátákó pẹlẹbẹ kan wà tí a tẹ́ ọ̀nà bàbà tín-ín-rín sí lára. Ohun tí ó de àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ mọ́ bàbà náà ni sódà, irin rírọ̀ tí a ń fi iná yọ́. Bí oríkèé sódà kan ṣoṣo bá yẹ̀, gbogbo ẹ̀rọ lè dákẹ́.

Sódà àtijọ́ jẹ́ àdàlù tánganran àti òjé. Bí tánganran bá jẹ́ ìpín 63 nínú 100, tí òjé jẹ́ 37, yóò yọ́ nígbà tí ooru bá dé 183 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì, níbi tí omi ti ń hó ní 100. Nítorí pé májèlé ni òjé, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi òfin dènà rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun láti oṣù Keje ọdún 2006. Èyí tí ó rọ́pò rẹ̀ jù lọ jẹ́ tánganran tí a fi fàdákà àti bàbà díẹ̀ lù. Ó di nǹkan bí 217 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí yọ́.

Ṣùgbọ́n ewu ti wà kí sódà tó yọ́. Bí ẹ̀rọ bá ń gbóná tí ó sì ń tutù léraléra, pátákó àti ẹ̀yà orí rẹ̀ kì í fẹ̀ bákan náà. Sódà tí ó wà láàárín wọn ni ó ń jìyà fífà náà, títí yóò fi sán. Nítorí èyí ni ẹ̀rọ kan fi lè máa sọ̀rọ̀ ní òwúrọ̀, kí ó sì dákẹ́ nígbà tí ó bá gbóná.

Ọwọ́ atúnṣe pẹ̀lú lè ba ẹ̀rọ jẹ́. Irin tí a fi ń jó sódà sábà máa ń gbóná tó 350. Ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta tó fún oríkèé kékeré. Bí irin bá pẹ́ jù níbẹ̀, bàbà yóò ṣí kúrò lára pátákó. Bí ooru kò bá sì tó, sódà yóò dúró bí omi lórí ewé kókò, kò ní lẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ kọ́kọ́ nu bàbà mọ́. Kí ó fi irin kan bàbà àti ẹsẹ̀ ẹ̀yà pọ̀, kí ó fi sódà sí ibi tí wọ́n ti pàdé, kí ó gbé irin kúrò, kí ó má sì mi ín títí yóò fi dì. Kí ó ṣí fèrèsé sílẹ̀ nítorí èéfín, kí ó sì fọ ọwọ́ kí ó tó jẹun. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.